Àgbélébùú Kejì fún Fọlọ́runṣọ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ mi ṣe àgbélébùú fún òkú kan ṣoṣo. Ti àkọ́kọ́ jẹrà. Nítorí pé ó jẹrà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún un láyé nìyẹn. Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni ọkọ mi o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tó jẹ́ fún yín.

Làtíìfù ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá Habeeb ni mò ń pè é, torí Habeebullah ni àkọ́bí wa. Èmi Àsúmáù, ìyàwó rẹ̀, ni mò ń sọ̀rọ̀ yìí. Ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ kan ní Nunhead, nílùú London, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ni mò ń bá ṣe àríyànjiyàn lórí ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, nítorí náà bí ẹ bá rí i pé ẹnu mi mú, ẹ mọ ibi tó ti wá. Ọkọ mi ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó bá èmi sọ, igi ló ń bá sọ ọ́.

Ìwó ló ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ní iṣẹ́ kò tíì parí àfi tí oníbàárà bá rí eyín ara rẹ̀ lójú tábìlì. Bó ṣe di pé gbogbo ohun tí ọkọ mi bá ṣe gbọ́dọ̀ dán nìyẹn. Àga wa ń dán, àpótí aṣọ wa ń dán, pákó tí mò ń gé àlùbọ́sà lé lórí pàápàá, ó fi fáníṣì kùn ún, mo sì bá a jà lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dé London, ilẹ̀kùn ló ń gbé kọ́. Kò sí ẹ̀sítéètì kan láti Peckham dé Kennington tí kò gbé ilẹ̀kùn kọ́ níbẹ̀ rí. Ní báyìí tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, gáréèjì kékeré kan ló gbà lọ́wọ́ kánsù lẹ́yìn Rye Lane, ibẹ̀ ló ń wà láti àárọ̀. Bí ẹ bá ń wá a, ẹ tẹ̀lé ohùn ayùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mò ń wí yìí, Yéwándé ni wọ́n ń jẹ́. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi orúkọ pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi? Ìyá Bethany ni mò ń pè wọ́n. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì. Ìyá Bethany fẹ́ onígbàgbọ́, wọ́n bá ọkọ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹni tó bá wọn jà. Tí iléyá bá dé, ilé wa ni wọ́n ti ń jẹ ẹran. Tí Kérésì bá dé, àwa náà á dì, ó di ilé wọn ní Kennington, a ó jẹ ráìsì títí a ò fi ní lè dìde.

Fọlọ́runṣọ́ ni orúkọ ọkọ wọn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ènìyàn rere, ẹlẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ dé ìlú yìí tí kò mọ ẹnì kankan, pálọ̀ Fọlọ́runṣọ́ ló sùn sí fún ọdún méjì, wọn ò bi í rí pé ìgbà wo ló máa lọ. Ọ̀rọ̀ wọn wá kọjá ti àna, ọ̀rẹ́ ni wọ́n dà. Nígbà tí àìsàn dá Bàbá Bethany dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n di ọwọ́ ọkọ mi mú. Wọ́n ní, "Làtíìfù, mi ò fẹ́ òkúta lórí sàréè mi, òkúta tutù jù. Igi ni kí o fi ṣe tèmi, kó sì jẹ́ ọwọ́ rẹ ló ṣe é." Ọkọ mi ní òun ti gbọ́.

Ẹnì kan tilẹ̀ dá a dúró ní mọ́ṣáláṣí pé, "Alhaji, ṣé àgbélébùú lẹ wá ń gbẹ́ báyìí?" Ó ní, "Ẹni tó gbà mí sílé nígbà tí mi ò nílé ló bẹ̀ mí." Ó lọ ṣe àlùwàlá rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi ṣe èyí àkọ́kọ́, torí ìsìnkú ti sún mọ́lé. Páìnì ló fi ṣe é, igi funfun tó rọ̀ yẹn, èyí tó wà nílẹ̀ ní ilé ìtagi tó sún mọ́ wa jù. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń sunkún. Ó wá gbé fáníṣì tí a fi ń kun àga inú ilé, ó kùn ún lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọlọ́run rí i pé àgbélébùú náà dán gbinrin. Gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì ló ń yìn ín létí sàréè, inú ọkọ mi dùn díẹ̀ láàárín ìbànújẹ́ rẹ̀.

Ó dára tó bá jẹ́ pálọ̀ la fẹ́ gbé e sí. Òjò ìlú yìí kì í sáré, ṣé ẹ mọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń rọ̀ títí á fi wọ egungun. Fáníṣì sán, omi gba ibẹ̀ wọlé, kò rí ọ̀nà jáde. Ìgbà òtútù méjì péré ni àgbélébùú yẹn rí. Ó jẹrà láti ìdí, ó wó, bóyá àwọn tó ń gé koríko ló sì kó o dànù, a ò mọ̀.

Ọjọ́ tó pé ọdún méjì tí ọkọ wọn kú, Ìyá Bethany gbé òdòdó, wọ́n lọ sí ìtẹ́ òkú. Wọn ò rí àgbélébùú. Gbogbo sàréè tó wà ní ìlà yẹn jọra wọn. Wọ́n yan èyí tí ọkàn wọn sọ, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kọ orin mẹ́rin, wọ́n ka Sáàmù, wọ́n ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé láti ọdún kan sẹ́yìn. Wákàtí kan gbáko. Ni òyìnbó obìnrin kan bá dé pẹ̀lú òdòdó tirẹ̀, ó dúró pẹ̀lú sùúrù títí wọ́n fi ṣe àmín, ó wá sọ fún wọn jẹ́jẹ́ pé bàbá òun ló wà níbẹ̀.

Bethany, ọmọ wọn tí wọ́n bí síbí, ló pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Aunty, Mummy ti gbàdúrà fún wrong person o. Like, one whole hour."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di ògiri mú. Mi ò mọ̀ pé Ìyá Bethany jókòó ti ọmọ wọn, pé gbogbo ẹ̀rín mi ló ń já sí wọn létí. Ohùn wọn ni mo gbọ́ lẹ́yìn náà. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi sọ fún Làtíìfù pé ó ṣeun. Ọkọ mi gbà á sílé fún ọdún méjì. Òun ò lè fún ọkọ mi ní igi tó máa dúró fún ọdún méjì." Wọ́n pa fóònù.

Mo jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi. Kò yẹ kí n jíṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo ti jẹ́ ẹ. Ọkọ mi gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọn ò gbé e. Ó lọ sí Kennington, ó kan ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ gbé kọ́, wọn ò ṣí i. Kérésì dé, kò sí ẹni tó ní ká wá jẹ ráìsì. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé ọkọ mi ti ń darúgbó, ó sì dùn mí wọra.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó ń káàkiri, ó ń fọwọ́ pa igi. Tí a bá ń kọjá ní Peckham Rye, á dúró ti bẹ́ńṣì, á fi èékánná ha á, á tẹ̀ ẹ́ wò, á sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá Habeeb, ẹ dákun, àwọn ènìyàn ń wò wá." Ó ní bẹ́ńṣì náà ti pẹ́ jù wá lọ ní ìlú yìí, kí n jẹ́ kí òun bi í bó ṣe ṣe é.

Nígbà tí oṣù kẹwàá dé, ó gba àjákù igi lọ́wọ́ àwọn onígi, ó ri wọ́n mọ́lẹ̀ dé ìdajì lẹ́yìn gáréèjì. Páìnì wà níbẹ̀, ó fi fáníṣì àtijọ́ yẹn kùn ún kó lè fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Óòkì wà níbẹ̀, igi àwọn òyìnbó. Kédárì wà níbẹ̀, torí ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun á fẹ́ràn igi tí Bíbélì dárúkọ. Ó fi òróró pa òmíràn, ó fi òmíràn sílẹ̀ lásán, ó kan síkírúù mọ́ òmíràn. Bí òjò ò bá rọ̀ lọ́jọ́ kan, ọkọ mi á bu omi sí wọn bí ẹni tó ń bomi rin tẹ̀tẹ̀.

Igi pupa kan wà láàárín wọn. Mo ní kí nìyẹn. Ó ní ìrókò. Mo ya ẹnu. Mo ní, "Ìrókò tiwa? Ní Peckham?" Ó ní àwọn òyìnbó tó ń tà á pàápàá, ìrókò ni wọ́n ń pè é. Ó ní nínú gbogbo igi tó wà nílẹ̀ yìí, kò sí èyí tó lè fara da omi tó o. Mo ní, "Ẹ ti gbàgbé ẹni tí ẹ̀gbọ́n yín jẹ́. Ẹni tí kì í gba abẹ́ igi kọjá lọ́sàn-án, òun lẹ fẹ́ fi ìrókò bẹ̀?" Ó ní, "Ká jẹ́ kí igi sọ̀rọ̀ ná."

Oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀lé e ni mo sọ fún ara mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kennington. Mo kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Bethany, mi ò dìde. Mo ní, "Ẹ̀rín mi ló ṣẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Ẹ wá fi ojú ara yín yan igi fún ọkọ yín. Tí ẹ ò bá fẹ́ bá Bàbá Habeeb sọ̀rọ̀, ẹ má bá a sọ ọ́. Igi nìkan ni kí ẹ wò." Wọ́n wò mí títí orúnkún fi ń dùn mí. Wọ́n ní kí n dìde, àwọn á wá ní Sátidé.

Wọ́n wá lóòótọ́. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìyẹ̀fun igi. Wọ́n gbójú sápá kan, wọ́n ní, "Ẹ dìde. Igi ọ̀hún dà?" Àbúrò wọn ni wọ́n ń sọ "ẹ" fún yẹn o. Èébú ì bá sàn.

Ọkọ mi ò dárúkọ igi kankan. Ó ní kí wọ́n fà wọ́n yọ fúnra wọn. Wọ́n fa páìnì, fáníṣì rẹ̀ ti bó bí awọ tí omi gbígbóná jó, igi abẹ́ rẹ̀ sì ti dúdú. Wọ́n dá a mọ̀. Wọ́n gbé e sílẹ̀, ọkọ mi wolẹ̀. Wọ́n fa óòkì, ó le, ó dára, àmọ́ ibi tí síkírúù wà ti da omi dúdú sílẹ̀ bí tìróò tó dà sójú. Wọ́n gbóòórùn kédárì, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n èékánná wọn wọ inú rẹ̀, wọ́n mi orí. Ó wá kan igi pupa. Wọ́n nu erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú gèlè wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ha á. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Wọ́n gbé e mọ́ àyà.

"Èyí ni. Igi kí ni?"

Mo tẹ ọkọ mi lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ kó pe orúkọ mìíràn, orúkọ òyìnbó kan ṣáá. Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìrókò ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Igi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ìrókò. Ọkọ mi sùn sílẹ̀ àjèjì, ẹ tún fẹ́ gbé ilé iwin lé e lórí."

Ọkọ mi mú igi náà nílẹ̀. Ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́ kó sọ tó bẹ́ẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Mo lè fi óòkì ṣe é. Kò burú. Tí ẹ bá ní óòkì, óòkì náà ni. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nílẹ̀ ni mo fi ṣe fún wọn nígbà àkọ́kọ́. Ìtìjú yẹn ò tíì kúrò lójú mi. Tó bá kù sí ọwọ́ èmi nìkan, èyí tó dára jù ni mo fẹ́ fi ṣe fún ọ̀rẹ́ mi, ìrókò ló sì dára jù."

Bí ẹ bá mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mi ò lè dákẹ́ pẹ́. Mo ní, "Ìyá Bethany, wọ́n ti la igi yìí. Wọ́n ti yan án gbẹ nínú yàrá gbígbóná. Wọ́n ti fi ọkọ̀ ojú omi gbé e sọdá òkun. Iwin wo ló máa tẹ̀lé e dé Peckham láìní físà?"

Wọ́n fẹ́ bínú, mo rí i. Ẹnu wọn ló kọ́kọ́ gbọ̀n. Ẹ̀rín bú jáde, wọ́n jókòó sórí pákó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó di ẹkún, ó tún padà di ẹ̀rín. Wọ́n ní tí Bàbá Bethany bá gbọ́ ọ̀rọ̀ físà yìí, inú pósí ni wọ́n á ti máa pàtẹ́wọ́. Wọ́n nu ojú. Wọ́n wá bi ọkọ mi pé, "Àga ìwàásù ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti ṣe ìgbéyàwó ní Ìwó, tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá wa, kí ni wọ́n fi ṣe é?"

"Ìrókò ni."

"O ò ṣe tètè sọ, ìwọ ọmọ yìí."

Inú mi dùn, mi ò purọ́ fún yín. Mo sáré lọ sílé lọ gbé oúnjẹ.

Ó wá ku ohun tí wọ́n máa fi pa igi náà lára. Ìyá Bethany bi í bóyá ó máa dán. Ọkọ mi, ọmọ ọ̀gá oní-fáníṣì, ló ní rárá. Ó ní fáníṣì ń dé igi mọ́lé ni, òróró ń wọ inú rẹ̀, igi á sì máa mí. Ó ní àléébù kan ló wà níbẹ̀. Òróró kì í tọ́jọ́, lọ́dọọdún lèèyàn ní láti máa nu igi náà kó sì tún un pa. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

Ìyá Bethany ní, "Àléébù kẹ̀? Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú ni mo ti ń wá ohun tí ọwọ́ mi máa ṣe fún un."

Bí ọ̀rọ̀ òróró ṣe dùn mọ́ wọn nìyẹn, Sátidé kejì wọ́n gbé ìgò òróró ólífì ńlá kan dé, èyí tí wọ́n ti gbàdúrà sí fún ọjọ́ méje ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní òun ni kí wọ́n fi pa àgbélébùú. Ọkọ mi dá ọwọ́ dúró. Ó ní òróró ólífì kì í gbẹ, pé á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìdọ̀tí á gbá jọ sí i, á sì hu ewú bíi búrẹ́dì tó ti bà jẹ́. Ìyá Bethany ní, "Òróró tí wọ́n gbàdúrà sí ló máa hu ewú?" Ọkọ mi ní àdúrà náà gbà, òróró ló kù tí ò ní gbẹ. Ó ku díẹ̀ kí ìjà mìíràn bẹ́ sílẹ̀. Mo ti ń wá ibi tí màá kúnlẹ̀ sí.

Ọkọ mi ló wá ronú. Igi méjì ló ń wọ inú ara wọn láàárín àgbélébùú, ó sì ti gbẹ́ ojú ibẹ̀ sílẹ̀, kò tíì pa á dé. Ó ní kí wọ́n kán tiwọn sí ibẹ̀, nínú lọ́hùn-ún, níbi tí òjò ò lè dé. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gbàdúrà gígùn, wọ́n kán an lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ mi dúró, ó ṣe àmín. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ló sọ fún mi pé òróró náà ò ní jẹ́ kí gúlù mú mọ́. Ó fi odindi ọjọ́ kan gbẹ́ èèkàn igi tó fi dè é pọ̀, kò lo ìṣó kankan.

Ọjọ́ tí a gbé e lọ, oòrùn yọ bí ẹni pé a háyà rẹ̀. A fi òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa rí ọ̀nà lọ. Orúkọ Fọlọ́runṣọ́ wà lójú rẹ̀, gbígbẹ́ ni, kì í ṣe kíkùn. Mo ní, "Ìyá Bethany, ẹ ka orúkọ yẹn dáadáa kí ẹ tó kúnlẹ̀ o." Wọ́n lù mí lẹ́yìn. Bethany yà wá ní fọ́tò, ó ní "Uncle, this is peng, swear down," ọkọ mi ní o ṣeun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé ó rẹwà gan-an ni ọmọ náà ń wí.

Ìyá Bethany gba aṣọ àti òróró lọ́wọ́ àbúrò wọn. Wọ́n pa igi náà láti orí dé ìdí, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń bá ọkọ wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń pa á lọ. Àwa yòókù jókòó sórí koríko, a ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n wo ọkọ mi.

"Làtíìfù, ṣé igi yẹn ṣẹ́ kù?"

Ó ní ó ṣẹ́ kù dáadáa.

"Má tà á. Má fi ṣe àga fún ẹnikẹ́ni. Àgbélébùú tèmi ni. Ìwọ ni kí o ṣe é, má jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án."

Mo gbé mọ́ínmọ́ín mi sílẹ̀. Ọkọ mi ò gbójú sókè. Ó ń ṣa koríko kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tí mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ogójì ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, ó la ẹnu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, igi yẹn ṣì tutù. Ó máa gbà tó ogún ọdún kó tó gbẹ."

Igi náà ti gbẹ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, Ìyá Bethany tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ yàrá gbígbóná lẹ́nu èmi fúnra mi náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kò burú, àwọn á dúró dè é.